Láti Ìbàdàn lọ sí etí òkun àtijọ́: bí ẹ ṣe lè lọ wo fọ́sìlì nínú òkúta Ewékorò

Kò sí òkun ní Ìbàdàn. Ọmọ Ìbàdàn tó bá fẹ́ rí ìgbì, Èkó tàbí Badagry ló máa forí lé. Ṣùgbọ́n òkun kan wà tó ti lọ tipẹ́tipẹ́, tí ibi tó dé kò jìnnà sí wa rárá. Ewékorò ni, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, láàárín Abẹ́òkúta àti Ifọ̀. Lónìí, láti Ewékorò dé etí òkun ju 50 kìlómítà lọ. Ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, omi òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí kò jìn, ló bo gbogbo ibẹ̀. Akàn ń rìn nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹja ṣáàkì ń lúwẹ̀ẹ́ lókè. Ìkarawun àwọn ẹ̀dá inú omi yẹn ló di òkúta ẹfun tí wọ́n ti ń fọ́ ṣe sìmẹ́ǹtì níbẹ̀ láti 1960. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú ìkarawun náà wà lára ògiri ilé tí ẹ jókòó sí báyìí.

Fọ́sìlì ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún ohun abẹ̀mí àtijọ́ tó di òkúta, tàbí àmì tó fi sílẹ̀ nínú òkúta. Bí ẹ ṣe máa lọ wò ó, láti ilé yín ní Ìbàdàn títí ẹ ó fi padà dé, ni mo fẹ́ sọ. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ ka ògiri kúárì náà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ mú òkúta nílẹ̀. Àwọn tó kàn ń ṣà á sínú àpò máa ń padà délé pẹ̀lú ẹrù, ṣùgbọ́n wọn kì í lè sọ ohun tí wọ́n rí.

Ẹ kọ́kọ́ wo òkúta ilé

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé kí ló dé tí a kò rí fọ́sìlì ní Ìbàdàn níbí, nígbà tí òkúta pọ̀ tó báyìí. Ìdáhùn rẹ̀ wà lára òkúta náà fúnra rẹ̀. Ẹ lọ sí Òkè Màpó, tàbí Òkè Àrẹ̀mọ, tàbí ibi tí wọ́n ti gé òkè la ọ̀nà ní Mọ́kọ́lá. Òkúta líle tó ń dán díẹ̀ tó gbé àwọn òkè yìí ró, quartzite ni wọ́n ń pè é. Yanrìn ni tẹ́lẹ̀, kí ooru àti ìwúwo inú ilẹ̀ tó sè é pọ̀ di ọ̀kan. Nítorí pé ó le, òjò kò rí i jẹ. Ìyẹn ló fi dúró bí òkè nígbà tí òkúta tó yí i ká ti jẹrà di àfonífojì. Nísàlẹ̀, lẹ́bàá odò, gneiss ni ẹ máa bá: òkúta onílà dúdú òun funfun, ìlà rẹ̀ ń lọ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé bí aṣọ òfì, níbòmíràn ó tún ká kò bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ po.

Òkúta wa yìí ti wà kí ẹ̀dá oníkarawun tó pọ̀ nínú òkun, nǹkan bí 540 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ooru inú ilẹ̀ sì tún sè é ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó ń wá ìkarawun nínú rẹ̀ dà bí ẹni tó ń wá odidi ẹ̀wà nínú àkàrà.

Ẹ mú èérún kan nínú rẹ̀ dání, kó má ju ìka méjì lọ. Ẹ máa nílò rẹ̀ tí ẹ bá dé Ewékorò.

Bí ààyè bá wà, ẹ yà sí Ẹ̀ka Geology, ìyẹn ìmọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀, ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ẹ bèèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kí ẹ wo fọ́sìlì tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ojú tó bá ti rí ọ̀kan rí lórí tábìlì máa ń tètè dá a mọ̀ nínú erùpẹ̀.

Àṣẹ ló ṣíwájú

Ewékorò kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Kúárì tó ń ṣiṣẹ́ ni, típà ńláńlá ń lọ ń bọ̀, wọ́n sì ń fi àdó fọ́ òkúta. Lábẹ́ òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti 2007, ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun tó wà nínú ilẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó gba ìwé àṣẹ ìwakùsà ló sì ń mójú tó ibi tó ti ń wà á. Ẹ kò lè kàn rìn wọlé.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbéra lọ sí kúárì kan, mi ò mú lẹ́tà kankan dání. Mo rò pé ẹnu dídùn á ṣí géètì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bí mo bá jẹ́ kí ẹ wọlé, tí òkúta wá já lù yín, èmi ni wọ́n máa mú.” Òótọ́ ló sọ. Mo yí padà sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà láì rí nǹkan kan.

Nítorí náà, ẹ kọ lẹ́tà, ó kéré tán oṣù kan ṣáájú. Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì náà ní Ewékorò ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹ̀dà kan sì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń mójú tó kúárì àti ọ̀rọ̀ ààbò. Ẹ kọ iye ènìyàn tí ẹ jẹ́, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ lè wá kí wọ́n mú ọ̀kan níbẹ̀, ohun tí ẹ fẹ́ wò, àti pé ẹ máa pa gbogbo òfin ààbò wọn mọ́. Ẹ béèrè ní tààràtà bóyá ẹ lè mú fọ́sìlì díẹ̀ lọ, kó má di àríyànjiyàn ní géètì nígbà tí ẹ bá ń jáde.

Lẹ́tà tó bá ti ọ̀dọ̀ ilé-ìwé wá máa ń yára rí ìdáhùn ju ti ẹnì kan ṣoṣo lọ. Bí ẹ kì í bá ṣe akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wá olùkọ́ geology kan tó máa ṣáájú yín, tàbí kí ẹ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Nigerian Mining and Geosciences Society tó wà nítòsí sọ̀rọ̀. Láti 1961 ni ẹgbẹ́ náà ti wà. Ẹ̀yin mẹ́jọ sí méjìlá ló dára jù. Tí èrò bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí wọ́n bá yàn tì yín kò ní lè mójú tó gbogbo yín.

Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ lọ?

Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta. Nígbà òjò, omi máa ń dúró nísàlẹ̀ kúárì, ẹrẹ̀ rẹ̀ ń gbá bàtà mú, ògiri amọ̀ sì lè ya lulẹ̀ láì kìlọ̀. Ọjọ́ tí mo fẹ́ràn jù ni ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn òjò kan ṣoṣo tó bá ṣèèṣì rọ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Eruku sìmẹ́ǹtì tó bo gbogbo nǹkan á ti fọ̀ kúrò, ohun tó wà lára òkúta á sì hàn kedere.

Ohun tí ẹ máa dì

Búùtù tó bo ọrùn ẹsẹ̀, ṣòkòtò gígùn, aṣọ alápá gígùn. Akoto àti jákẹ́ẹ̀tì tó ń kọ mọ̀nà: ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á yá yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wá tiyín. Gíláàsì ìbòjú ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá máa lu òkúta, torí èérún òkúta kan lè fọ́ ojú. Omi mímu tó pọ̀, nítorí ilẹ̀ funfun yẹn máa ń ju oòrùn padà sójú yín láti ìsàlẹ̀.

Fún iṣẹ́: òòlù kékeré, irin ṣóńṣó bí èyí tí bíríkìlà fi ń gbẹ́ ògiri, ọ̀bẹ kékeré, gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi (èyí tó ń mú un tóbi ní ìlọ́po 10 tó), ìwé àkọsílẹ̀, bírò méjì, máákà, ìwé ìròyìn àtijọ́, ọ̀rá kéékèèké, bọ́rọ́ọ̀ṣì ìfọyín, àti ọsàn wẹ́wẹ́ méjì. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà kì í ṣe fún jíjẹ.

Ọ̀nà

Ojú irin ni mo máa ń gbà. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Moníyà, kí ẹ sọ̀ ní Abẹ́òkúta, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè. Ẹ wo àkókò ọkọ̀ kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú ọjọ́ náà. Láti Abẹ́òkúta, ẹ wọ ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà Ìtórí lọ sí Sàǹgó Ọ̀tà, kí ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà pé Ewékorò ni ẹ máa bọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ gba títì láti Ìbàdàn lè gba Àpáta àti Ọmí-Àdió dé Abẹ́òkúta. Tí ẹ bá pọ̀, ẹ háyà bọ́ọ̀sì kan lálọ àtàbọ̀, torí kò rọrùn láti gbé àpò òkúta lórí ọ̀kadà.

Ẹ má sùn lójú ọ̀nà. Láti Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta, ẹ ó máa rí àpáta ńláńlá tó yọ orí jáde láti inú ilẹ̀. Òlúmọ gan-an jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Tí ẹ bá ti kọjá Abẹ́òkúta sísàlẹ̀, wọn ò ní sí mọ́. Ilẹ̀ á tẹ́jú, erùpẹ̀ pupa àti yanrìn á gba ibẹ̀ kan. Ẹ ti kúrò lórí òkúta àtijọ́ nìyẹn, ẹ ti bọ́ sínú agbada ńlá kan tó bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù ìlà-oòrùn Gánà, tó gba Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá, títí dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà pínyà ni ilẹ̀ ibẹ̀ rì, yanrìn, amọ̀ àti ìkarawun sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún inú rẹ̀. Ojú fèrèsé ọkọ̀ ni ẹ ti lè rí ààlà yìí.

Nínú kúárì: ojú lẹ́ẹ̀kíní, ọwọ́ lẹ́yìn

Wọ́n á kọ́kọ́ ṣàlàyé ètò ààbò fún yín. Ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, kódà bí ẹ bá ti gbọ́ ọ rí. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n máa yin àdó lọ́jọ́ náà àti ibi tí ẹ máa sá sí tí fèrè ìkìlọ̀ bá dún. Típà ló ni ọ̀nà. Awakọ̀ rẹ̀ ga débi pé kò lè rí ẹni tó dúró nítòsí táyà rẹ̀. Ẹ má ṣe dúró sábẹ́ ògiri òkúta, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan péré láti ya fọ́tò. Ẹ fi àyè tó tó gíga ògiri náà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti òun. Ohun tí ẹ wá kò sí lára ògiri lónìí. Ó wà nínú òkìtì òkúta tí wọ́n ti fọ́ sílẹ̀, níbi tí ẹni tó ń mú yín rìn bá ní kí ẹ ti wá a.

Báyìí, ẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kí ẹ ka ògiri náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí ẹni tó ń ka ìwé láti ojú ewé àkọ́kọ́.

Nísàlẹ̀ ni òkúta ẹfun wà, àwọ̀ rẹ̀ funfun àbí eérú. Ní ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ní Ewékorò, ó nípọn tó mítà 11 sí 12. Àwọn onímọ̀ méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Jones àti Hockey ló fi orúkọ ìlú yìí pe ìpele òkúta náà nínú ìwé tí wọ́n kọ jáde ní 1964, nítorí náà níbikíbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láyé, Ewékorò ni wọ́n ń dá. Òkúta ẹfun tó pọ̀ báyìí kì í ṣẹ̀dá níbi tí odò bá ti ń kó ẹrẹ̀ wọ òkun. Omi tó mọ́, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí oòrùn ń wọ dé ìsàlẹ̀ ló ń bí i.

Lókè rẹ̀, ẹ wá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àwọ̀ rẹ̀ fà sí ewé. Èròjà aláwọ̀ ewé inú rẹ̀ ń jẹ́ glauconite. Ó máa ń ṣẹ̀dá nísàlẹ̀ òkun níbi tí ẹrẹ̀ kò ti fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìlà yìí ni mo máa ń wò pẹ́ jù, torí pé ó ń sọ pé nǹkan ti ń yí padà: òkun ń jìn sí i, àwọn ẹ̀dá oníkarawun tó ń kọ́ òkúta ẹfun ń dín kù.

Lórí ìlà náà ni amọ̀ dúdú wà, tó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ojú ewé ìwé. Akinbo ni wọ́n sọ ìpele yìí. Ẹrẹ̀ ló rọ̀ sórí gbogbo ohun tó ti wà nísàlẹ̀. Ní òkè pátápátá, yanrìn àti ilẹ̀ pupa tí gbogbo wa mọ̀.

Ẹ ya àwòrán ògiri náà sínú ìwé yín, ìlà mẹ́rin péré ti tó, kí ẹ fún ìkọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Láti ìsinsìnyí lọ, gbogbo òkúta tí ẹ bá mú gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìpele tó ti wá. Àwọ̀ rẹ̀ ló máa sọ fún yín: funfun ti ìsàlẹ̀ ni, dúdú ti òkè ni.

Ẹ wá mú ọsàn wẹ́wẹ́ jáde. Ẹ fi ọ̀bẹ họ òkúta ẹfun náà títí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ á fi jáde, kí ẹ fún ọsàn sí i, kí ẹ sì fi gíláàsì wò ó. Ó máa hó wẹ́wẹ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí òkúta Ìbàdàn tí ẹ mú dání: ọ̀bẹ lè má wọlé rárá, ọsàn kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn ọmọdé tí mo mú lọ kì í gbàgbé èyí.

Ohun tí ẹ máa rí

Èyí tó pọ̀ jù ni ohun tó dà bí ìgbín tàbí ìṣáwùrú, tó ká ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ kò dán. Kì í ṣe ìkarawun gan-an. Ẹ rántí mọ́ínmọ́ín tí wọ́n sè nínú agolo mílíìkì: tí ẹ bá yọ agolo náà, mọ́ínmọ́ín á gba ìrísí inú agolo, títí kan àwọn ìlà ara rẹ̀. Báyìí ló ṣe rí. Ẹrẹ̀ ẹfun kún inú ìkarawun lẹ́yìn tí ẹ̀dá inú rẹ̀ ti kú, ó le, lẹ́yìn náà omi inú ilẹ̀ yọ́ ìkarawun náà dànù. Inú ló ṣẹ́ kù. Nítorí ìyẹn, ẹ wá ibi tó ṣófo nínú òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ìlà tó wà lára ihò yẹn ni ìlà ẹ̀yìn ìkarawun náà, ó sì máa ń sọ irú ẹ̀dá tó jẹ́ ju mọ́ínmọ́ín lọ.

Àwọn oníkarawun abala méjì tún wà, bí irú èyí tí ìgbì ń gbá jọ létí òkun. Iyùn wà, èyí tí ihò kéékèèké pọ̀ lára rẹ̀ bí afárá oyin. Akàn ṣọ̀wọ́n, èékánná rẹ̀ ni ẹ lè kọ́kọ́ rí. Ẹ̀dá roboto kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwòrán ìràwọ̀ oníka márùn-ún. Ẹ má fi òòlù kàn án, ẹ gbé e pẹ̀lú òkúta tó wà lára rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adégòkè ti Yunifásítì Ifẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ ńlá lórí àwọn ẹ̀dá Ewékorò yìí, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1977.

Eyín ṣáàkì ni gbogbo èèyàn fẹ́ rí. Egungun ẹja yìí rọ̀, kì í pẹ́ jẹrà, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ le, ó sì ń pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, nítorí náà ẹja kan lè fi ọ̀pọ̀ eyín sílẹ̀. Ẹ má dúró gbagidi láti wá a. Ẹ lóṣòó, kí ẹ kọjú sí oòrùn àárọ̀ tàbí ti ìrọ̀lẹ́, kí ẹ máa wo ilẹ̀ ní ìdábùú. Gbogbo òkúta ibẹ̀ ló pọ́nkú, eyín nìkan ló ń dán. Èyí tí mo kọ́kọ́ rí kò ju èékánná ọmọ-ọ̀ńdínrín mi lọ, àwọ̀ rẹ̀ bí obì tó gbó, ṣóńṣó rẹ̀ ṣì gún mi lọ́wọ́.

Bí ẹ ṣe máa mú un

Kí ẹ tó gbé e nílẹ̀, ẹ fi bírò tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, bírò náà ló máa fi bó ṣe tóbi tó hàn. Ẹ kọ nọ́ńbà, ọjọ́, ìpele, àti ibi tó wà nínú kúárì. Ẹ fi ìwé ìròyìn wé e lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ fi pépà nọ́ńbà sínú ọ̀rá kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Lẹ́ẹ̀kejì tí mo lọ, mo kó ohun mẹ́tàdínlógún sínú àpò kan ṣoṣo, mo ní màá kọ nọ́ńbà wọn tí mo bá délé. Nígbà tí mo dé Moníyà lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ti gbo ara wọn, mi ò sì mọ èyí tó wá láti ìpele wo mọ́. Nígbà tí mo mú wọn lọ fún onímọ̀ kan wò, ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni, “Níbo gan-an lẹ ti rí eléyìí?” Ẹnu mi wọhò. Mẹ́rìndínlógún nínú wọn kò wúlò fún iṣẹ́ kankan. Ọ̀kan tó wúlò ni èyí tí amọ̀ dúdú ṣì lẹ̀ mọ́.

Ẹ má kó ju ohun tí ẹ lè kọ nọ́ńbà sí lára lọ. Mẹ́fà tó ní àkọsílẹ̀ tó.

Nígbà tí ẹ bá padà délé

Omi lásán àti bọ́rọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi fọ àwọn ti òkúta ẹfun. Ẹ má fi ọsàn tàbí fínígà kàn wọ́n, ẹ ti rí ohun tí ọsàn ṣe sí lẹ́búlẹ́bú. Ohun tó bá wà nínú amọ̀ dúdú, ẹ má rẹ ẹ́ sómi rárá. Ẹ wé e, kó gbẹ díẹ̀díẹ̀ nínú iyàrá, torí tí oòrùn bá pa á, á là wẹ́wẹ́. Tó bá gbẹ tán, ẹ fi fáànìṣì èékánná tí kò ní àwọ̀ kun ibi kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà sórí rẹ̀.

Bí ẹ bá rí ohun tó yàtọ̀, bí egungun ńlá, odidi akàn, tàbí eyín tí ẹ kò rí irú rẹ̀ rí, ẹ sọ fún ẹni tó mú yín rìn lójú ẹsẹ̀, ẹ má gbẹ́ ẹ. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ geology ní Yunifásítì Ìbàdàn gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láì fọ́ ọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ to gbogbo ohun tí ẹ mú jáde sínú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, kí ẹ fi fọ́tò méjì tàbí mẹ́ta sí i, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó mú yín rìn kí ọ̀gá rẹ̀ lè rí i. Nígbà kejì tí mo kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó mú wa káàkiri pè mí lórí fóònù láti sọ pé wọ́n ti gbẹ́ ìlà aláwọ̀ ewé náà dé apá ibòmíràn, pé kí n wá wò ó kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.